Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nínú Orin Alákọsílẹ̀: Àyẹ̀wò Ṣáájú Àkókò Orin ní Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí fi hàn gbangba pé, létí Yorùbá, orin àti ìlù kì í ṣe ariwo adùn-létí lásán. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ó gbọ́ ìlù tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ìdajì ni ó gbọ́. Òṣùwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a fi wọn orin alákọsílẹ̀ tí àwọn akọrin Èkó ń kọ nínú gbọ̀ngàn àti nínú ilé ìjọsìn, pàápàá jù lọ nísinsìnyí tí àkókò irú orin bẹ́ẹ̀ tún ń súnmọ́lé.

Ohun tí à ń pè ní orin alákọsílẹ̀ níhìn-ín ni orin tí aṣẹ̀dá rẹ̀ fi àmì kọ sínú ìwé, tí akọrin, atẹ-dùùrù àti afọnfèrè ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀. Irú rẹ̀ ni Bach, Handel àti Mozart kọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Irú rẹ̀ náà ni Fẹlá Ṣówándé, Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba kọ láàárín wa. Láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé ìparí oṣù Ọ̀pẹ ni ó máa ń gbilẹ̀ jù ní Èkó. Ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, a máa ṣe àjọ̀dún orin rẹ̀ ní Oníkan nínú oṣù Ọ̀wàrà. Bí Kérésìmesì bá sì ń kàn lẹ́kùn, iṣẹ́ ńlá Handel tí ń jẹ́ Messiah a gba ẹnu akọrin lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ yìí, tí Handel kọ ní 1741, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní gbangba ní ìlú Dublin ní 1742, ti di ara ọdún Kérésìmesì fún ọ̀pọ̀ ìjọ ní Èkó. Àárín ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi orin Yorùbá kan tàbí méjì há. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò ju èyí lọ: bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ inú irú orin bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà ń yè?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó padà bọ̀ sí Èkó ti ń pe ara wọn jọ sí àṣálẹ́ orin. R. A. Coker, ẹni tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ dùùrù nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n mú orin Handel di mímọ̀ ní Èkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọba nínú àwọn ètò wọ̀nyẹn. Nínú ilé ìjọsìn, Yorùbá ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn àlùfáà wa túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dé bá a. Ọ̀rọ̀ ni ó ní láti tẹrí ba. Ó dà bí ìgbà tí bàtà kò bá ẹsẹ̀ mu, tí wọ́n wá gé ẹsẹ̀ kí bàtà lè wọ̀.

Ẹni tí ó bá jókòó sí kíláàsì Yorùbá rí yóò mọ ibi tí bàtà gbé ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Dò, re, mí ni àwọn olùkọ́ máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ. ‘Ìyà’ jẹ́ dò dò, ‘ìyá’ jẹ́ dò mí. ‘Ẹ̀jẹ̀’ jẹ́ dò dò, ‘ẹ̀jẹ́’ jẹ́ dò mí. ‘Ọ̀run’ jẹ́ dò re, ‘ọrùn’ jẹ́ re dò. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ‘ọ̀run’ wà, ọrùn tí a fi ń gbé orí ni etí gbọ́. Bí ó bá gòkè níbi tí ‘ẹ̀jẹ̀’ wà, ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn jẹ́ ni ó di. Lóòótọ́, àwọn tí ó ti mọ orin náà láti kékeré kò ní ṣàṣìmọ̀. Ìwé orin ti sọ ohun tí ó wí fún wọn. Ṣùgbọ́n orin tí a ní láti ka ìwé kí a tó mọ ohun tí ó wí ti kúrò lára orin Yorùbá.

Àwọn aṣáájú kan rí àléébù yìí ní kùtùkùtù. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) ṣẹ̀dá orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. Ní 1922, ó kọ púpọ̀ nínú wọn sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìlú London. T. K. E. Phillips (1884–1969), tí ó jẹ́ olórí atẹ-dùùrù àti olùdarí orin ní Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina láti 1914 títí di 1962, sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀kọ́. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ṣe so pọ̀ mọ́ra wọn lọ́dọ̀ wa. Ìdúró rẹ̀ ni pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó máa darí ohùn orin. Ìdúró yìí tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń darí akọrin Yorùbá mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ibi tí ohùn mẹ́rin bá pàdé. Bí àwọn obìnrin olóhùn òkè bá tilẹ̀ kọ ‘ọ̀run’ bí ó ti yẹ, àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ lè máa sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò kan náà gẹ́gẹ́ bí òfin orin Yúróòpù ti là á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì, lẹ́nu ẹgbẹ́ akọrin kan. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tán nílé Yorùbá. Àwọn Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń kọrin ní ohùn méjì láti ọjọ́ pípẹ́, wọn a sì jọ máa gòkè, wọn a jọ máa sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò fi ní fọ́. Lílé àti gbígbè náà wà nílẹ̀: kí ẹnì kan lé e ní ohùn kan ṣoṣo, kí agbo gbè é. Aṣẹ̀dá orin tí ó bá lo ọgbọ́n wọ̀nyí kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kékeré. Ó kàn fi èdè ṣe olúwa ilé ni.

Bí a bá fi ojú yìí wo iṣẹ́ àwọn ọ̀gá, a ó rí i pé ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra. Ṣówándé (1905–1987) gbé ohùn orin Yorùbá sórí ọ́gàànù láìsí akọrin kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ ‘Ọyígíyigì’ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé orin àbáláyé ni ó mú, tí ó sì ń yí i po lóríṣiríṣi. Bí ìlù dùndún ti ń sọ̀rọ̀ láìní ahọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ́gàànù ń ṣe níbẹ̀ fún ẹni tí ó mọ orin náà. Bánkọ́lé (1935–1976) gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àwọn orin Yorùbá mẹ́ta tí ó kọ fún ohùn ọkùnrin kan àti dùùrù, tí ‘Ìyá’ wà lára wọn, ẹnu kan ṣoṣo ni ó gbé ọ̀rọ̀. Dùùrù lè ṣe àrà tí ó wù ú. Kò lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí pé kò gbé ọ̀rọ̀ dání. Akọrin ni gbogbo ẹrù wá kù sí lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọ ‘Ìyá’ láìfetísí ohùn rẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ‘ìyà’. Ní ti Euba (1935–2020), ó kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún, èyí tí ó jáde ní 1990. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá orin: ẹni tí yóò fi Yorùbá kọ orin, kí ó lọ jókòó ti àwọn tí ń fi awọ sọ̀rọ̀.

Àwọn kan lè jiyàn pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, pé bí a bá so orin mọ́ ohùn èdè bí ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, kò ní lè rìn jìnnà. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àríyànjiyàn yìí. Apohùn-ijálá àti asunrárà pàápàá a máa fa ohùn gùn, wọn a máa yí i. Kò sí ẹni tí ó ní kí gbogbo sílébù dúró sójú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí etí ń wá ni bí sílébù kan ti rí sí èyí tí ó tẹ̀ lé e: ṣé ó gòkè ni, ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ ni? Àyè tí ó kù fún àrà pọ̀ jọjọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí ìlú Berlin ní 1964. Orin àti ìlù ni ó gbé eré náà dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣe kedere létí Yorùbá, síbẹ̀ àwọn Jámánì tí kò gbọ́ èdè náà gbádùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí Ládiípọ̀ ba ohùn èdè jẹ́ kí àlejò tó lè pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, ìtumọ̀ kọ́ ni oògùn àìsàn yìí. Ẹni tí ó bá ní kí a máa kọ Messiah ní Yorùbá fẹ́ dá àṣìṣe ìwé orin àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Handel, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ará London, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ iṣẹ́ náà fún, kò sì burú bí a bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé kí aṣẹ̀dá orin kọ orin tuntun fún èdè àwọn tí yóò gbọ́ ọ.

Kí ni èyí kan àwọn ará Kòṣófẹ́? Ó kàn wọ́n gidigidi. Ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Mile 12, gbogbo èdè ni ó pàdé. Èdè Haúsá ń dún nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì, Ìgbò ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù, àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì ń dún nínú ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Yorùbá tí ń dàgbà níbẹ̀ kò ní ibi púpọ̀ tí ó ti ń gbọ́ Yorùbá àtàtà tí a pè ketekete. Ẹgbẹ́ akọrin jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ó kù. Dò, re, mí tí olùkọ́ fi kọ́ ọ lọ́sàn-án ni olùdarí akọrin tún kọ sójú pátákó fún un lálẹ́. Bí méjèèjì bá ń ta ko ara wọn, èyí tí ó ní adùn ni ọmọ yóò gbà gbọ́, nítorí pé orin kì í tètè kúrò lórí ahọ́n bí ẹ̀kọ́ ìwé. Akọrin lè tipa bẹ́ẹ̀ di olùkọ́ èdè, ó sì lè di ẹni tí ń tú ohun tí olùkọ́ so.

Bí àkókò orin ti ń bọ̀ yìí, nǹkan mẹ́ta ni ó tọ́ kí àwọn olórin ṣe. Èkíní, kí ìwé ètò máa gbé ọ̀rọ̀ orin Yorùbá jáde pẹ̀lú àmì ohùn. ‘Oyigiyigi’ àti ‘Iya’ láìní àmì kò fi ọ̀wọ̀ hàn fún aṣẹ̀dá orin, kò sì ran akọrin lọ́wọ́. Èkejì, kí olùdarí mú kí àwọn akọrin sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ṣáká, kí wọ́n fi dò, re, mí pè é, kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin. Níbi tí ohùn orin bá ti pa ọ̀rọ̀ kú, kí wọ́n fi dùùrù tàbí fèrè gbé ohùn náà, kí ẹnu sì gbé èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé orin náà tọ àwọn ènìyàn lọ. Òótọ́ ni pé láti 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń gbé èrò láti Mile 12 dé CMS. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ gbọ́ orin ní Oníkan lálẹ́ gbọ́dọ̀ tún ronú bí yóò ti padà. Ilé ìjọsìn wà ní Kétu àti ní Ìkòsì tí ó lè gba ẹgbẹ́ akọrin àti dùùrù. Ohun tí ó bá dára fún Oníkan kò ní burú fún Kòṣófẹ́.

Orin alákọsílẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá èdè Yorùbá. Iṣẹ́ Ṣówándé àti ti Bánkọ́lé fi hàn pé ó lè jẹ́ ilé tuntun fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n onílé ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú ilé náà. Bí ọdún bá parí, kí a má ṣe fi iye àtẹ́wọ́ nìkan ṣe ìdájọ́ àwọn akọrin. Kí a bi ẹni tí kò ka ìwé ètò pé kí ni ó gbọ́. Bí ó bá dáhùn pé ọ̀run ni òun gbọ́, orin náà yege. Bí ó bá ní ọrùn ni, iṣẹ́ ṣì kù.