Sẹ̀gilọlá, Onílù àti Àwa Akọ̀wé

Ìwé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń dárúkọ nítorí pé ó ṣáájú, tí wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kà nítorí pé ó dára. Ìwé náà ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí Isaac Babalọlá Thomas kọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti ọdún 1929 wọ ọdún 1930, kí a tó kó o jọ di odidi ìwé ní ọdún 1930 kan náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ń pe Sẹ̀gilọlá ní ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Iyàn náà kò kàn mí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bí obìnrin tí kò sí láyé rí ṣe bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbà pé ó wà.

Lẹ́tà ni gbogbo ìtàn náà. Obìnrin kan tí ó ti fi ayé ṣe fàájì, tí ó ti bá ọkùnrin púpọ̀ lò, tí àìsàn sì ti dá dùbúlẹ̀, ń kọ̀wé sí olóòtú láti jẹ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí; ó sì fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́. Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ó mú àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọn a ní orúkọ àdúgbò Èkó ni, tàbí orin ìgboro, tàbí ọ̀rọ̀ Bíbélì tí ó ń fà yọ. Èmi kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè to orúkọ àdúgbò jọ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gbẹ bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn. Ní tèmi, ohun tí Thomas mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ ni pé bébà jẹ́ irinṣẹ́ tí ó ní àbùkù, ó sì ń dí àbùkù náà bí ó ti ń kọ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ àwọn àyàn ṣe àlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ìyá ìlù dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè gbé jáde. ‘Ilé’, ‘owó’ àti ‘ojú’ kò yàtọ̀ síra lójú awọ rẹ̀. Onílù mọ èyí dájúdájú. Nítorí náà kì í pe orúkọ kan ṣoṣo kí ó dákẹ́. Yóò pe orúkọ, yóò fi oríkì tì í, yóò fi ti baba àti ti ìran kún un, yóò mú gbólóhùn tí etí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ wá síbẹ̀, títí ẹni tí ó ń kì yóò fi mọ̀ pé òun gan-an ni. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí a máa rò pé àsọdùn ni. Rárá o, onílù kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣìnà ni.

Àbùkù ìwé kíkọ jẹ́ òdìkejì ti ìlù. Ó mú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, ó sọ ohùn nù. Kì í sì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, èyí tí àmì lè tún ṣe bí a kò bá ya ọ̀lẹ. Ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì, ìmí ẹ̀dùn, àti ìkúnlẹ̀ tí ń ṣáájú ẹ̀bẹ̀ náà kò sí lórí bébà.

Ẹ wá wo Sẹ̀gilọlá. Kì í kàn já lu ìtàn. Ó ń bá olóòtú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ó ń tọrọ àyè. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún gígùn rẹ̀. Bí àárẹ̀ bá dé, ó ń jẹ́ kí a mọ̀, ó sì ń sún ìyókù sí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Oríkì tí onílù fi ń ti orúkọ nìyẹn. Òǹkàwé kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ ìgbà tí ó ń sunkún.

Iṣẹ́ náà kò wà láìlábùkù. Ìkìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin pọ̀ lápọ̀jù. Onílù a máa tún ọ̀rọ̀ sọ kí a lè mọ̀ ọ́n. Thomas a máa tún un sọ lẹ́yìn tí a ti mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé ẹni tí ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè má kíyè sí i bí àwa tí a ń ka odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀ràn yìí kàn mí fúnra mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo fi ìwé pélébé rán akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sí ìyá rẹ̀, láìfi àmì ohùn kankan sí i, pé kí ọmọ náà mú ‘ọkọ’ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ajé. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni mo ní lọ́kàn. Kí aago ilé-ìwé tó lù ní ọjọ́ náà, ìyá ti dé, ó ti fi gèlè gbàjá. ‘Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó sọ fún yín pé ọmọ mi ti lọ́kọ?’ Àmì kan ṣoṣo ìbá gbà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí ìyá náà, tí mo sì sọ pé àwọn ọmọ fẹ́ ro oko ilé-ìwé, kò sí bí ìbá ṣe ṣì mí gbọ́, àmì ìbáà wà, ìbáà má wà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí ó yé mi ti yé e náà nìyẹn.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ sí ara wa lórí tẹlifóònù lónìí, òun náà ni àwọn ọ̀gá ń kọ sí ọmọ iṣẹ́: àṣẹ ní ihòòhò, láìkí ẹnikẹ́ni, láìsọ ìdí. Lẹ́tà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkíni inú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tí a kàn yí padà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Karin Barber tún ìwé Thomas gbé jáde ní ọdún 2012, òun àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí olùkọ́ mú lẹ́tà kan nínú rẹ̀, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọ gbogbo ìkíni, ẹ̀bẹ̀ àti ìdánudúró kúrò, kí wọ́n fi ìtàn nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì ka èyí tí ó kù sókè fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.