Ààlà Omi tí Kò Tíì Hó: Àgbéyẹ̀wò Ìdọ́gba van der Waals

Nínú bébà yìí, a yẹ ìdọ́gba tí van der Waals gbé jáde ní 1873 wò. A gbóríyìn fún un: ó fi hàn pé omi mímọ́ lè gbóná kọjá 100°C láì hó. Ṣùgbọ́n ní ti ààlà, ó kùnà. Lábẹ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́ lásán, ìdọ́gba náà ní omi kò lè kọjá nǹkan bí 273°C. Ní 1972, Apfel mú ẹ̀kán omi dé 279.5°C. Bí mólékù ṣe ń fa ara wọn kò rọrùn tó bí ìdọ́gba náà ti rò.

Síbẹ̀, a ṣì ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la pé 100°C lòpin. Ẹni tó gba èyí gbọ́ lè jóná níbi ife omi gbígbóná tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àbá wa ni pé kí á máa kọ́ ìdọ́gba pọ̀ mọ́ ibi tó ti kùnà. Omi ló yẹ kó dá ìdọ́gba lẹ́jọ́.