Orin Dùùrù Àwọn Ará Áyálàǹdì

Bí kì í bá ṣe ti Edward Bunting, púpọ̀ nínú orin àtijọ́ Áyálàǹdì ì bá ti bá àwọn àgbà wọ ibojì. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí àwọn alùdùùrù péjọ ní Belfast ní 1792, tí ó sì kọ orin wọn sílẹ̀. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tẹ́ wa lọ́rùn tán. Èékánná ni Denis Hempson, afọ́jú arúgbó nì, fi ń ta okùn idẹ dùùrù rẹ̀. Bunting sọ ọ́ di orin pianó. Kí ni pianó mọ̀ nípa èékánná? Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọ̀rọ̀ orin: ní 1802 Patrick Lynch rìn káàkiri gbà á ní èdè àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a bá nínú ìwé ti 1809.