Akólòlò Kò Tíì Pe Bàbá: Ìparí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá àti Ìpànìyàn Ìkòròdú, 2016–2017

Òfin kan ló de ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá: kí ìwé tó parí, ọ̀daràn gbọ́dọ̀ hàn. Kọ́lá Akínlàdé fi ìbéèrè ṣe orúkọ ìwé rẹ̀, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? (1971), kí òǹkàwé tó ṣí i ló ti mọ̀ pé ìdáhùn ń bẹ nínú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ló gbé òfin yìí ró: bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe bàbá. Iṣẹ́ yìí gbé òfin náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀ràn kan tí kò tẹ̀ lé e.

Ní 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí ìlú ń pè ní Badoo ń wọlé tọ àwọn ènìyàn lóru ní agbègbè Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìdílé tí ó ti sùn ni wọ́n ń kọlù. Òkúta àti ọmọ ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ wọn lórí. Ọmọ ọlọ tí a fi ń lọ ata wá di ohun ẹ̀rù. Òkìkí kàn pé aṣọ ìnujú tí wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tà fún olówó. Ọlọ́pàá kó afurasí, wọ́n tún kó òmíràn, síbẹ̀ ìpànìyàn kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Keje 2017, èrò dá àwọn kan dúró, wọ́n pè wọ́n ní Badoo, wọ́n sì pa wọ́n. Apanilẹ́rìn-ín kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wà lára wọn. Ará ìlú ti bá akólòlò pe bàbá. Bàbá oníbàbá ni wọ́n sì pè.

Ṣé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló kọ́ èrò bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi yóò nàka sí Lápàdé, ẹ̀dá ìtàn Ọládẹ̀jọ Òkédìjí nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Lápàdé ti kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ òun ni òǹkàwé gbọ́kàn lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí kò dúró. Lápàdé ń wá, ó ń béèrè, ó ń ṣìnà, ó sì ń padà sẹ́yìn. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Akínlàdé, kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni láìní ẹ̀rí. Èrò Ìkòròdú mú ìparí ìtàn, wọ́n da àárín rẹ̀ nù.

Irú ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní Texarkana, ní Amẹ́ríkà, ènìyàn márùn-ún ni apànìyàn kan pa láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún 1946. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún un. Fíìmù The Town That Dreaded Sundown (1976), tí Charles B. Pierce darí, gbà kí apànìyàn bọ́ lọ. Òtítọ́ ni ìparí náà, ṣùgbọ́n bí apànìyàn ṣe ń ṣọṣẹ́ ni fíìmù náà fi ń dá òǹwòran lára yá; bí ìlú ṣe ń fara da àìmọ̀ kò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀.

Àlàfo tí ó ṣẹ́ kù fún òǹkọ̀wé Yorùbá nìyí. Ẹni tí ń gbé ní Ìbà Housing Estate, tí ilẹ̀ ṣú, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àjèjì níta, kò nílò ìwé tí yóò fi í lọ́kàn balẹ̀ nìkan. Ó nílò èyí tí yóò kọ́ ọ láti béèrè pé, “Ta nìyẹn?” kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Ìtàn tí kò dárúkọ apànìyàn lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó bá fi ojú òǹkàwé rí iye tí àṣìpè ń náni. Kí àwọn lámèyítọ́ má ṣe ka irú ìparí bẹ́ẹ̀ sí àìmọ̀ọ́kọ. Akólòlò lè máa pe bàbá lọ títí; ẹni tí ó bá a pè é ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.