Takeru Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Shiba: Èrò Mi Lórí Eré Shinkenger

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ìjà ni a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ eré Power Rangers ní àgbàlá ilé wa. Ohun tí à ń jà sí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò ṣe Red? Red ni olórí. Ẹni tó bá ṣe Red ló ń pàṣẹ, òun ló sì ń kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀ láti orí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Ọmọ onílé ló máa ń ṣe é nígbẹ̀yìn, nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ yẹn padà sí mi lọ́kàn nígbà tí mo parí Samurai Sentai Shinkenger nínú ìsinmi tó kọjá, lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ọ̀pọ̀ wa rò pé Amẹ́ríkà ni Power Rangers ti ṣẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1975 ni Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí, Super Sentai ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1993 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwòrán ìjà inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi òṣèré tiwọn dípò àwọn ará Jàpáànì. Shinkenger jáde láti oṣù Kejì ọdún 2009 di oṣù Kejì ọdún 2010, apá 49 ni. Yasuko Kobayashi ni aṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Òun ni wọ́n sọ di Power Rangers Samurai ní ọdún 2011, èyí tí èmi àti àbúrò mi ti wò tipẹ́. Mo rò pé mo ti mọ ìtàn náà. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ kí n tó lọ jìnnà: màá sọ bí eré yìí ṣe parí, nítorí pé ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìtàn náà lọ báyìí. Láti ayé àtijọ́ ni ìdílé Shiba ti ń bá àwọn ẹ̀dá búburú kan tí wọ́n ń pè ní Gedoshu jà. Odò Sanzu, odò tí àwọn ará Jàpáànì ní òkú máa ń là kọjá, ni wọ́n ń gbé. Bí ìyà bá ṣe ń jẹ ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni omi odò náà ń kún, ọjọ́ tó bá sì kún àkúnya, ayé bàjẹ́. Doukoku ni olórí wọn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ohun kan ṣoṣo ló lè kápá rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà ìdè tí olórí ìdílé Shiba nìkan lè kọ. Shiba Takeru, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ni olórí kejìdínlógún. Hikoma, bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ló ń tì í pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ẹmẹ̀wà ìdílé náà. Takeru fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n wá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni bí wọ́n ṣe ń jà. Fóònù tó ní búrọ́ṣì lẹ́nu ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sínú afẹ́fẹ́. Takeru kọ iná, iná dé. Ryunosuke kọ omi, omi dé. Mako ló ni ọ̀run, Chiaki ló ni igi, Kotoha ló ni ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ohùn lè sọ ọkọ̀ di ọkọ́ kò ní bú wọn pé wọ́n ń fi lẹ́tà ṣeré.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Ryunosuke, tó jẹ́ òṣèré kabuki, kì í pe Takeru ní orúkọ láéláé. "Tono" ló ń pè é, bí ìgbà tí a bá ní "Kábíyèsí". Kotoha náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Chiaki, ọ̀lẹ tó fẹ́ràn géèmù, ń pè é ní Takeru lásán, bí ẹni ń sọ "ìwọ" fún ẹni tó yẹ kó sọ "ẹ̀yin" fún. Inú Ryunosuke kì í dùn sí i. Nígbà tó yá, Genta, tó ń ta sushi nínú kẹ̀kẹ́ títì, dara pọ̀ mọ́ wọn. Genta kì í ṣe ọmọ ẹmẹ̀wà rárá. Ọ̀rẹ́ Takeru láti kékeré ni, "Take-chan" ló sì ń pè é. Mo fi èyí rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé orí rẹ̀ ni gbogbo eré náà yóò dúró lé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Bí apá kan ṣe rí ni òmíràn rí fún ìgbà pípẹ́: ọ̀tá kan jáde, wọ́n pa á, ó jí dìde, ó ga ju ilé lọ, wọ́n wọ inú róbọ́ọ̀tì, wọ́n tún pa á. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá, róbọ́ọ̀tì yóò gba apá tuntun tàbí fìlà tuntun, ẹ ó sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọdé Jàpáànì lọ yọ àwọn òbí wọn lẹ́nu kí wọ́n rà á ni. Láàárín eré, mo máa ń fo ìjà róbọ́ọ̀tì kí dátà má baà tán. Mi ò pàdánù ohunkóhun.

Nígbà tó ku apá díẹ̀ kí ó parí, ilẹ̀ yí padà. Ọmọbìnrin kan wọ ilé Shiba pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Shiba Kaoru ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí kejìdínlógún gan-an. Takeru kò bá ìdílé Shiba tan. Nígbà tí olórí kẹtàdínlógún fẹ́ kú, lẹ́tà ìdè tó kọ kò pé, ó sì mọ̀ pé Doukoku yóò padà wá. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú oyún. Wọ́n gbé oyún náà pamọ́, wọ́n sì fi ọmọkùnrin kékeré kan jókòó sórí ipò, kí àwọn ọ̀tá lè máa wá òun pa, títí Kaoru yóò fi dàgbà, tí yóò sì mọ lẹ́tà náà kọ. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá Takeru, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì jáde.

Mo dá fóònù dúró níbẹ̀. Ní SS1, àìsàn dá kápútéènì kíláàsì wa dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ní kí n dípò rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn aláriwo, èmi ni mo ń lọ gba ṣọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì, "Káápù" sì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Nígbà tó padà dé, mo fi ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́. Kí agogo ìsinmi tó lù, kò sí ẹni tó rántí mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí. Ipò rẹ̀ ni. Síbẹ̀, mo jókòó, mo ń ronú pé: àwọn tó ń bá mi rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣé èmi ni wọ́n ń bá rìn ni, àbí ìwé orúkọ?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni Shinkenger bi àwọn ẹmẹ̀wà náà. Ìdílé Shiba ni wọ́n búra fún, ọmọ Shiba sì nìyí níwájú wọn, kò ṣẹ̀ wọ́n, ó gbọ́n, ó ní ìgboyà. Bí wọ́n bá tọ Takeru lọ, wọ́n da májẹ̀mú. Bí wọn kò bá lọ, wọ́n da Takeru. Kò sí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì, eré náà kò sì ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Ó yé mi ìdí tí ọ̀nà fi yá fún Genta: kò búra fún ìdílé kankan, Take-chan ni ó mọ̀. Chiaki tó ń pè é ní Takeru láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní orúkọ tí yóò yí padà. Ryunosuke tó bọ̀wọ̀ fún un jù lọ ni ó jìyà jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń pè ní "Tono" kò sí mọ́. Kotoha ńkọ́? Òun náà dípò ẹlòmíràn ni: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló yẹ kó wá, àìsàn ni kò jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Takeru láàárín iná, níbi tó ti fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣòfò nínú ìjà pẹ̀lú Juzo, wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ipò lè jẹ́ irọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n jọ là kọjá kì í ṣe irọ́.

Lẹ́yìn náà ni Kaoru kọ lẹ́tà ìdè, lẹ́tà tí gbogbo wọn ti ń dúró dè, tí wọ́n torí rẹ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe òjìji, Doukoku kò sì kú. Kaoru fara gbọgbẹ́. Kí ló wá ṣe? Ó gba Takeru ṣọmọ, ó sì fi í jẹ olórí kọkàndínlógún. Kaoru kò tó Takeru lọ́jọ́ orí o! Tanba, ẹmẹ̀wà rẹ̀ àgbà, yarí kanlẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí èmi náà. Mo rò pé ẹ̀rù ba àwọn tó kọ eré náà láti sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣe pàtàkì, wọ́n wá fi ìwé sọ Takeru di ọmọ Shiba.

Àmọ́ mo rántí pé ìyàwó nínú ilé máa ń fi orúkọ ọ̀wọ̀ pe ọmọ kékeré tó bá nínú ilé ọkọ, àwọn arúgbó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba tí wọ́n bí lójú wọn. Ipò nínú ìdílé kì í fi ìgbà gbogbo tẹ̀ lé ọjọ́ orí. Kaoru kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ Takeru yí padà. Ó lo agbára kan ṣoṣo tí ìbí rẹ̀ fún un láti fi ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà sí ipò iṣẹ́ náà. Ọmọ onílé ló dìde lórí àga, kì í ṣe pé wọ́n lé e.

Ibí ni mo ti rí ohun tí wọ́n yọ nínú ti Amẹ́ríkà. Jayden ni Takeru ń jẹ́ níbẹ̀. Lauren tó wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọmọ Shiba ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí Lauren dá ipò padà fún un, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Ìjà kan náà, aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti kú.

Ẹ̀sùn ńlá kan ni mo ní sí Shinkenger. Àwọn àgbàlagbà ló gbé ọmọ kékeré síwájú ọ̀tá kí ọmọ ẹlòmíràn lè yè. Hikoma mọ̀. Ó fẹ́ràn Takeru, a sì rí omijé rẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ láti béèrè pé irú ìfẹ́ wo nìyẹn. Wọ́n dárí jì wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n. Nínú eré tó jẹ́ pé àwọn ọmọdé ló ń wò ó jù, ìbéèrè yẹn tọ́ sí wọn.

Síbẹ̀, mo ní kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ padà sí apá kìn-ín-ní. Ẹ wo Takeru níbi tó ti ń sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ẹmẹ̀wà wá. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé ìgbéraga ni. Nígbà kejì, mo rí ọmọ tó mọ̀ pé ẹni tó bá kú nítorí òun yóò kú nítorí irọ́. Ojú kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà, wọn kò yí nǹkan kan padà.