"Ṣé Ó Ń Rẹ̀ Yín?": Ìwé Ìbéèrè Aláìsàn Jẹjẹrẹ àti Èdè Wa

Mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ nípa ohùn ni màá kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ forí jì mí, ó di ìgbà mìíràn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ yín ló sì kàn.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n tà lọ́jà títí wọ́n fi dàgbà, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ti ọjà lọ. Wọ́n ń gba oògùn jẹjẹrẹ ọmú nígbà náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù: ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni fẹ́ bì? Ṣé ibì kan ń dùn wọ́n? Ẹ ó tẹ ìdáhùn, ìdáhùn ọ̀hún á sì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọmọ wọn ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà èmi, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè, ni wọ́n fi ṣe ògbifọ̀.

Mo dé orí ìbéèrè tó ń béèrè bóyá agbára aláìsàn ti dín kù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láàárín ọjọ́ méje yìí, ṣé ó ń rẹ̀ yín?"

Wọ́n wò mí. "Ta ló ní ó ń rẹ̀ mí? Ara mi ti ń yá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ mí."

Mo tẹ "rárá". Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi di ògiri mú kí wọ́n tó dé orí àga. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì náà ò bínú sí mi. Ó kàn ní, "Rárá ni fóònù ń sọ fún wa láti ọ̀sẹ̀ méjì."

Kì í ṣe fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni.

Kí n tó ṣe àríwísí ìwé ìbéèrè náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín, torí ó tọ́ sí i. Láàárín ọdún 2007 sí 2011, Dókítà Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 766 jọ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká ara. Wọ́n ní kí apá kan máa fi kọ̀ǹpútà ròyìn àmì àìsàn 12 fúnra wọn, kí nọ́ọ̀sì máa gbọ́ nígbà tí nǹkan bá le. Apá kejì gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2017, ìdajì àwọn tó ń ròyìn lo ju oṣù 31 lọ láyé. Ní ti apá kejì, oṣù 26 ni. Oṣù márùn-ún, nítorí pé wọ́n bi aláìsàn léèrè, ẹnì kan sì ń gbọ́! Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Iṣẹ́ àwọn tó ṣe ìbéèrè wọ̀nyí náà dára. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn, PRO-CTCAE, láti ọ̀dọ̀ National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà, ní ìbéèrè 124 lórí àmì 78. Ó ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ẹ̀ẹ̀melòó ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe le tó, báwo ló ṣe ń dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ tó. Ó sì ń béèrè ìgbà tó le jù láàárín ọjọ́ méje, kì í ṣe bó ṣe rí nísinsìnyí nìkan. Ẹni tó ronú báyìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ronú, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ mi wà.

Ẹ wo "rẹ̀" yìí. Ẹni tó ti oko dé á ní ó rẹ òun. Ẹni tó wà lórí àìsàn náà, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ tiẹ̀: "ó ń rẹ̀ ẹ́." Àárẹ̀ ni agara, àárẹ̀ náà ni àìsàn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ lẹ́nu mi ni pé àbúrò àwọn ń fi àìsàn pe àwọn, wọ́n sì fi àdúrà dá a padà. Wọn ò purọ́. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ni wọ́n dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ ìtúmọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ ó rántí ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ irú ìwé báyìí wò: ẹnì kan á tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn á tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tú "Ṣé ó ń rẹ̀ yín?" padà o. Wẹ́kú ló máa bọ́ sí! Ẹni tó ń tú u padà kì í ṣe aláìsàn, ojú ìwé ló ń wò. Ọ̀nà yìí lè mú àṣìṣe ọ̀rọ̀, kò lè mú irú àṣìṣe tèmi.

Ìrora náà ńkọ́? Lédè wa, orí ń fọ́ni, inú ń runni, ẹsẹ̀ ń roni, egbò ń jẹni. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá bi ìyá àgbà pé "Ṣé ẹ ní ìrora?", ohun ńlá ló máa rò, bí ìgbà tí obìnrin ń rọbí. Á ní rárá, bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí abẹ́rẹ́ láti àárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "díẹ̀". Lẹ́nu àgbà wa, "ó ń dùn mí díẹ̀" lè jẹ́ ẹni tí kò fojú kan oorun láti ọjọ́ mẹ́ta. Sùúrù àti ìwà ọmọlúàbí ló ń fi "díẹ̀" hàn níbẹ̀, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn, òṣùwọ̀n ló kà á sí.

Àwọn kan máa ní ẹ̀rọ ò lójú, kò sẹ́ni tó ń tijú ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ọ̀kan lára àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tàbí àbúrò bá ti gba fóònù tó ń ka ìbéèrè síta, ojú ti padà dé nìyẹn. Ìyá wo ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí ọ̀rọ̀ àárín lọ́kọláya fún ọmọ tó bí? "A dúpẹ́" ló máa sọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn, mo yí ìbéèrè mi padà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láti yàrá dé ilé ìdáná, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jókòó sinmi lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ta ló sọ fún ẹ?"

Ohun tí mo ń wá rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbéèrè yìí wá sí èdè wa, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ara ṣì lè ṣe: ìrìn, oúnjẹ, oorun, aṣọ fífọ̀. Kó dárúkọ ẹ̀yà ara pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Kó jẹ́ ohùn Yorùbá ni aláìsàn máa gbọ́ létí ara rẹ̀, kó dáhùn láìsí ọmọ láàárín. Kò kọjá agbára wọn, ó ṣe tán, ní Amẹ́ríkà wọ́n ti jẹ́ kí aláìsàn dáhùn irú ìbéèrè yìí lórí fóònù lásán, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó gbé e jáde, kó jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́jà, kó sì bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́ pé mo bi yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti parí oògùn náà, wọ́n ti ń dá rìn. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣẹ̀sín pé ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbọ́ Yorùbá. Ẹjọ́ wọn tọ́.

Iṣẹ́ wà fún yín o. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi: báwo ni àwọn àgbà ilé yín ṣe ń sọ ọ́ tí agbára bá tán nínú ara láìsí pé wọ́n ń ṣàìsàn? Ẹ má lọ wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Àwọn fúnra wọn ni kẹ́ ẹ bi.

Ó dìgbà kan ná.