Kí Dróònù Tó Kúrò Nílẹ̀

Mo mọ rírì ọgbọ́n tó wà nínú kíkọ́ bí a ṣe ń wa dróònù eré-ìje lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó so rìmóòtù gidi mọ́ ọn, ẹ ó ṣí ètò afarawé ìfò bíi VelociDrone tàbí Liftoff, ó di fífò. Ní ọ̀nà ìfò tí wọ́n ń pè ní acro, dróònù kì í fúnra rẹ̀ dúró déédéé: bó bá ti tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ọwọ́ yín yóò fi dá a padà. Àtàǹpàkò òsì ló ń bu agbára fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ogún ìgbà ni mo kọlu géètì kan náà. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo tún gbéra, abẹ̀bẹ̀ kankan kò ṣẹ́. Nígbà kọkànlélógún, mo gba àárín rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, bí òwú tó wọ ojú abẹ́rẹ́.